Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Ìfura àti Ẹ̀rí Nínú Ikú Ọmọ Tí Wọ́n Pè Ní Adam

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìfura ará ìlú àti ẹ̀rí, nígbà tó bá jẹ́ pé ọmọdé ni wọ́n pa, tí ọwọ́ kò sì tíì tẹ ẹni tó pa á. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láyé. Èyí tí mo mú nínú wọn ni ti ọmọkùnrin tí wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2001, tí àwọn ọlọ́pàá sọ ní Adam. Ìdí tí mo fi mú un ni pé àwa Yorùbá kì í ṣe òǹwòran nínú ẹjọ́ yìí. Wọ́n fura sí wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi òwe tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ wo bí òwe yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun méjì péré ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, igbe lóru àti òkú láàárọ̀. Òwe náà kò sọ pé ẹnikẹ́ni rí àjẹ́ nínú yàrá ọmọ. Kò sọ bóyá ibà ni tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ó kàn so méjèèjì pọ̀, ó wá kọjú sí wa, ó ní "ta ni kò mọ̀?" Bí o bá dáhùn pé ìwọ kò mọ̀, o ti di aláìlọ́gbọ́n láàárín ẹgbẹ́, tàbí kí wọ́n ní o wà nínú ẹgbẹ́ àjẹ́ náà. Bí ìfura ṣe máa ń borí nìyẹn. Kì í mú ẹ̀rí wá, ẹni tó bá bèèrè ẹ̀rí ló máa ń dójú tì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àwọn àgbà náà ló ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ sì ni. Ìyá tí kò bá fura sí àlejò tó ń fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ti ṣe àṣìṣe. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò bá fura kò ní í rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oògùn ni ìfura lóòótọ́, ara ẹni la fi ń dáàbò bò. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá fi dá ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2001 ni ẹnì kan tó ń kọjá lọ rí nǹkan tó ń léfòó lójú odò Thames. Ọjọ́ kẹwàá nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé gogoro méjì ní New York, gbogbo ayé ṣì ń wo ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fà á jáde nítòsí gbọ̀ngàn eré Globe, wọ́n rí i pé ara ọmọdé ni. Kò sí orí, kò sí apá, kò sí ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin adúláwọ̀ ni, láàárín ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje. Ṣòkòtò péńpé kan tó ní àwọ̀ ọsàn nìkan ló wà lára rẹ̀. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé wọ́n gé ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ tán lára rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Kò sí ojú tí èèyàn lè fi dá a mọ̀, kò sí ìka tí wọ́n lè tẹ̀ síwèé, kò sí eyín tí dókítà lè fi wé àkọsílẹ̀. Kò sí ìyá tó wá sí àgọ́ ọlọ́pàá pé òun ń wá ọmọ. Níbi tí gbogbo nǹkan ti ṣófo báyìí, ìfura kì í jẹ́ kí àyè náà ṣófo pẹ́.

Ìfura àkọ́kọ́ kì í ṣe wa ló dé bá. Gúúsù Áfíríkà ló lọ. Onímọ̀ kan tó ti ibẹ̀ wá yẹ òkú náà wò, ó ní ó jọ ìpànìyàn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti fi ẹ̀yà ara èèyàn ṣe oògùn, èyí tí wọ́n ń pè ní muti. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Nelson Mandela fúnra rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin 2002, ó bẹ ìdílé tí ọmọ wọn bá sọnù níbikíbi ní Áfíríkà pé kí wọ́n kàn sí ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tí àwọn mìíràn wá tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n rí nǹkan kan tó ti wà nínú ìwé àyẹ̀wò láti ọjọ́ kìíní: àwọn tó ń pa èèyàn ṣe muti máa ń mú ẹ̀yà inú ara lọ, àwọn ẹ̀yà inú ara ọmọ yìí sì wà níbẹ̀ láìsí èyí tó dín. Ara òkú náà ló já ìfura àkọ́kọ́ nírọ́. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yẹn ti tó.

Kò tó. Láàárín ìwádìí náà ni wọ́n rí aṣọ funfun kan létí odò Thames kan náà. Àbẹ́là méje ni wọ́n dì sínú rẹ̀, gbogbo wọn ti jó dé ìdajì, orúkọ Yorùbá kan sì wà lára aṣọ náà. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wò ó pẹ̀lú ojú ọlọ́pàá Òyìnbó. Òkú ọmọ adúláwọ̀ nínú odò. Aṣọ funfun létí odò. Àbẹ́là méje. Orúkọ Áfíríkà. Ta ni kò mọ̀? Bí wọ́n bá gbé àwòrán rẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn láìṣe ìwádìí, mo bá yín búra, ìdajì àwa tó wà níbí yìí yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí wọ́n lọ gbé ẹni tó ni orúkọ náà.

Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ohun tó yẹ. Wọ́n tọpa orúkọ náà. Wọ́n bá ẹni tó ń jẹ́ ẹ láàyè, ní New York. Àwọn òbí rẹ̀ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló lọ sí etí odò lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ wọn kò bá ìjàm̀bá ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án lọ. Ọpẹ́ ni. Àwọn tó bá ti rí àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun létí omi rí mọ bí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ìfura dì mú ló jẹ́ òótọ́: aṣọ náà wà, àbẹ́là náà wà, orúkọ náà wà, etí odò kan náà ni, àkókò kan náà ni. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Okùn tí èrò wa fi so ó mọ́ òkú ọmọ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá dárúkọ Ọ̀ṣun. Nítorí pé inú odò ni wọ́n ti rí ọmọ náà, tí ṣòkòtò rẹ̀ sì ní àwọ̀ ọsàn, àwọn kan sọ fún àwọn oníròyìn pé òrìṣà odò Yorùbá ni wọ́n fi ọmọ náà bọ, pé àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn. N kò wá síbí láti ṣe agbẹjọ́rò fún òrìṣà. Àmọ́ ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣun lójúbọ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tí ń wá ọmọ máa ń lọ, ọlọ́mọ yọyọ ni wọ́n ń kì í, idẹ sì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bó ti wù kó rí, kí ni ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀ sọ? Wọ́n wo ìwé péńpé tó wà nínú rẹ̀. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. "Kids & Company" ni orúkọ tó wà lára rẹ̀, ọjà tí ilé ìtajà Woolworths ń tà ní Jámánì nígbà náà. Kíá ni ìwé péńpé inú aṣọ mú ọ̀rọ̀ kúrò ní ojúbọ, ó gbé e lọ sí ilé ìtajà ní Jámánì. Ọ̀nà yẹn ló sì wúlò, nítorí pé ẹni tó ra aṣọ fún ọmọ ni àwọn ọlọ́pàá ń wá, wọn kò wá òrìṣà.

Àmọ́ ṣá o, n kò ní í tan yín. Ẹ̀rí tó jáde lẹ́yìn náà kò sọ pé kò sí ètùtù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n bá nínú ìfun ọmọ náà mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé ètùtù ni, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé ètùtù ni, ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé àwọn báyìí ló ṣe é. Láti orí gbólóhùn àkọ́kọ́ dé orí èkejì, ọ̀nà jìn, ìfura sì máa ń fò ó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ohun tí eegun sọ, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Òkúta abẹ́ ilẹ̀ kan kò rí bíi ti ibòmíràn. Èròjà kan wà nínú òkúta tí wọ́n ń pè ní strontium. Òjò á wẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀ àti sínú omi, ewéko á fà á mu, ẹran á jẹ ewéko, èèyàn á jẹ àwọn méjèèjì, á sì tún mu omi ibẹ̀ lé e. Ó jọ calcium tó ń mú eegun le, nítorí náà ara máa ń kó o pamọ́ sínú eegun. Eegun kì í sì í tètè gbàgbé. Ọdún púpọ̀ ló ń gbà kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó pààrọ̀ tán. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà tàbí méje lọ, gbogbo ibi tó ti gbé láyé ṣì wà nínú eegun rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Pye, onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì Royal Holloway, ló ka eegun Adam. Strontium, bàbà àti òjé tó wà nínú rẹ̀ ju èyí tó yẹ kó wà lára ọmọ tó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Irú strontium tó bá níbẹ̀ bá ilẹ̀ tó jókòó sórí òkúta àtayébáyé mu, àwọn òkúta tó wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ láyé. Ọ̀pọ̀ ibi láyé ló ní irú òkúta bẹ́ẹ̀. Àmọ́ DNA ọmọ náà tọ́ka sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí sì dín ibi tí wọ́n ní láti wò kù gan-an. Wọ́n wá sí Nàìjíríà fúnra wọn, wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta, wọ́n ń gba eegun. Nígbà tí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ wé ti Adam, ibi tó bá a mu bọ́ sí àárín Ìbàdàn àti ìlú Bìní, wọ́n sì tún sún un mọ́ agbègbè Bìní.

Bí mo bá rántí pé ọmọ tí kò ní ẹnu mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀, ṣì lè júwe ilé fún wọn báyìí, ó máa ń yà mí lẹ́nu. Àwọn tó pa á ti mú gbogbo ohun tí wọ́n rò pé ó lè tú wọn fó kúrò lára rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé omi kànga tó mu nígbà tó wà nílé ṣì wà nínú eegun rẹ̀.

Inú rẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Wọ́n bá lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó nínú ìfun rẹ̀, ti igi tó ń hù ní apá ibẹ̀ yẹn ní Yúróòpù, tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Èyí fi hàn pé ó dé Lọ́ńdọ̀nù láàyè, ó mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó jẹun níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Wọ́n tún bá oògùn ikọ́ ìgbàlódé. Ikọ́ ń ṣe é, ẹnì kan sì fún un ní oògùn. Mo ti sọ èyí fún àwọn èèyàn rí, wọ́n ní kí ni oògùn ikọ́ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nǹkan tó kù. Èmi ò gbà. Ọwọ́ tó ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́ jẹ́ ọwọ́ tó sún mọ́ ọn.

Ohun tó kẹ́yìn nínú ìfun rẹ̀ ni àwọn kóró amọ̀ kéékèèké tí eruku wúrà wà nínú wọn, àti èso kan tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ èso náà. Ọdún 2003 ni onímọ̀ ewéko kan ní ọgbà Kew tó wo èèpo rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá tó dá a mọ̀: ẹ̀wà Kàlábà ni, èyí tí àwọn Efik ń pè ní esere. Májèlé ni. Ó máa ń mú kí iṣan ara rọ jọwọrọ títí kò fi ní í ṣeé mí.

Mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀wà yìí, torí ó ní ìtàn tó kan ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lónìí. Ní Kàlábà láyé àtijọ́, esere ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ àjẹ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ omi, wọ́n á ní kí ó mu ún. Bó bá bì í, kò jẹ̀bi. Bó bá kú, àjẹ́ ni, ikú rẹ̀ ló sì fi hàn. Kò sí ẹni tó lè pe ẹjọ́ náà níjà, nítorí pé ìdáhùn wà nínú òkú. Àwọn Òyìnbó gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n kó o dé Edinburgh. Dókítà kan níbẹ̀, Robert Christison, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò lọ́dún 1855, díẹ̀ ló kù kó kú. Ó sì ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ májèlé ṣáájú ìyẹn o! Àwọn tó tẹ̀ lé e yọ oògùn jáde lára rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ṣì fi ń gba ẹni tó bá jẹ àwọn májèlé kan sílẹ̀.

Nítorí náà ẹ̀wà tí wọ́n bá nínú ọmọ yìí ni ẹ̀wà tí àwọn ará ìṣáájú fi ń sọ ìfura di ìdájọ́ láìbèèrè ẹ̀rí. Ẹni tó bì í ń bì í nítorí ikùn rẹ̀, kì í ṣe nítorí ọkàn rẹ̀. A ti fi esere sílẹ̀. Mo bẹ̀rù pé a kò tíì fi ọ̀nà ìrònú rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti àwọn afurasí, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn, n kò sì ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé títí di òní kò sí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn nínú ẹjọ́ Adam. Ní oṣù Keje 2003, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé kan dé òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kó èèyàn 21. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni wọ́n ti bá agbárí ẹran tí wọ́n kan ìṣó mọ́. Ẹ̀yin náà rí i pé a ti padà sí ìdí àbẹ́là méje. Agbárí náà bani lẹ́rù, ó sì dára fún àwòrán ojú ìwé ìròyìn, àmọ́ kò so ẹnikẹ́ni mọ́ ọmọ náà. Ọkùnrin kan nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin àbọ̀ ní 2004, ẹ̀sùn pé ó ń fi èèyàn ṣòwò wọ Yúróòpù ni, ẹ̀rí sì wà fún ìyẹn. Fún ti Adam, kò sí. Adájọ́ kò sọ pé nígbà tó jẹ́ oníṣòwò èèyàn, òun ló pa á. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, bó tilẹ̀ dun àwọn èèyàn.

Obìnrin kan wà tó ti gbé ní Jámánì rí, tí wọ́n bá aṣọ láti ilé ìtajà kan náà nílé rẹ̀. Wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà. Ní 2011 ó sọ fún àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n pé òun ló tọ́jú ọmọ náà ní Jámánì, ó pe orúkọ kan, wọ́n fi fọ́tò ọmọkùnrin kan hàn án, ó ní òun gan-an nìyẹn. Fọ́tò náà lọ káàkiri ayé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, Adam ti ní ojú! Ní 2013 ni òtítọ́ já: ọmọ mìíràn ni ọmọ inú fọ́tò náà, ó wà láàyè, ó ti dàgbà. Obìnrin náà sì ti pe orúkọ mìíràn.

Ẹ wo ohun tí ó ná ọmọ inú fọ́tò yẹn. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì ń wo ojú rẹ̀ bí ojú òkú.

Bí ẹ bá rò pé Áfíríkà nìkan ni wọ́n máa ń ṣe báyìí sí, ẹ gbọ́ èyí. Ní Boulder, ìpínlẹ̀ Colorado, l'Amẹ́ríkà, wọ́n bá òkú JonBenét Ramsey, ọmọ ọdún mẹ́fà, nínú yàrá abẹ́ ilé àwọn òbí rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1996. Ẹnì kan ti fi lẹ́tà sílẹ̀, ó ń béèrè owó ìràpadà 118,000 dọ́là, iye tó súnmọ́ owó àjẹmọ́nú tí bàbá rẹ̀ gbà lọ́dún náà, inú ìwé tó wà nínú ilé náà ni wọ́n sì ti ya abala tí wọ́n fi kọ ọ́. Ìwọ̀nyí tó láti fura sí òbí, gbogbo Amẹ́ríkà sì fura. Ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹ̀rí níkọ̀kọ̀ dìbò ní 1999 pé kí wọ́n fi ẹ̀sùn kan bàbá àti ìyá, kì í ṣe ẹ̀sùn ìpànìyàn gan-an, ẹ̀sùn pé wọ́n fi ọmọ sínú ewu tó yọrí sí ikú ni. Alex Hunter, agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀, kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ó ní ẹ̀rí kò tó. Inú bí àwọn èèyàn sí i gan-an. Ní 2006, ọkùnrin kan jẹ́wọ́ ní Thailand pé òun wà lọ́dọ̀ ọmọ náà nígbà tó kú. Ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ara rẹ̀! Wọ́n gbé e wá sí Amẹ́ríkà, DNA rẹ̀ kò bá ti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ mu, wọ́n fi í sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni jẹjẹrẹ pa ìyá ọmọ náà. Ní 2008 ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba kan náà wá kọ lẹ́tà sí ìdílé náà nítorí DNA ọkùnrin àjèjì tó wà lára aṣọ ọmọ, wọ́n ní àwọn kò kà wọ́n sí afurasí mọ́. Ìyá náà ti lo ọdún méjì nínú ibojì. Ó sì yẹ kí n fi kún un pé àwọn kan tó mọ iṣẹ́ náà sọ pé lẹ́tà yẹn ju ohun tí DNA náà lè gbé lọ. Ibi tí ẹ̀rí bá dé ni kí a dé, bó jẹ́ pé ẹ̀bi la fẹ́ tàbí àre.

Ti Australia tún burú jù ìyẹn lọ. Ní 1980, ìyá kan, Lindy Chamberlain, ké pé dingo, ajá igbó ibẹ̀, ti gbé ọmọ òun jòjòló lọ nítòsí àpáta Uluru. Àwọn èèyàn ní kò sunkún tó, wọ́n ní ẹ̀sìn rẹ̀ kò yé àwọn, wọ́n ní ó fi ọmọ náà rúbọ nínú aginjù ni. Òyìnbó ni, Kìrìsìtẹ́nì ni, ẹbọ kan náà ni wọ́n dì mọ́ ọn lórí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ wà nínú mọ́tò rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 1982. Ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀jẹ̀ yẹn, oje tí ilé iṣẹ́ fọ́n sára mọ́tò kí ó má bàa pariwo ni. Ní 1986 wọ́n rí aṣọ ọmọ náà níbi tí àwọn dingo ń gbé, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ọdún 2012 ni adájọ́ tó ń wádìí ikú wá kọ ọ́ sínú ìwé pé dingo ló pa á. Nítorí náà ẹ̀rí tí onímọ̀ gbé wá náà, ẹ má kàn gbé e mì. Ẹ bèèrè bó ṣe mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Karùn-ún 2005, ìròyìn gba ìlú pé láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án 2001, ọmọkùnrin adúláwọ̀ 300, láti ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje, ló kúrò nílé ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù láìpadà wá. 299 nínú wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Àwọn ọlọ́pàá ló bèèrè iye náà lọ́wọ́ àwọn elétò ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí Adam ń ṣe. Ẹ mọ ohun tí àwọn kan kà sínú rẹ̀: Adam 300.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé nílùú Òyìnbó, ẹ bá mi dáhùn. Ọmọ tí wọ́n rán padà lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kó lè kọ́ èdè, ǹjẹ́ gbogbo òbí ló ń kọ lẹ́tà sí ilé ìwé? Ọmọ tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn nítorí ilé ńkọ́? Ọmọ tí bùọ̀dá ìyá rẹ̀ ń tọ́, tí ìyá wá gbà á? Iye yẹn kò sọ pé wọ́n pa ẹnì kankan. Ohun tó sọ, tó sì yẹ kó bí wa nínú, ni pé ọmọ lè kúrò nílé ìwé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ibi tó wà. Ihò gidi nìyẹn, ihò tí Adam lè gbà kọjá. Àmọ́ ihò kò dùn ún gbọ́ bí ẹbọ, ẹbọ sì ni wọ́n kọ gàdàgbà gadagba. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìwé mìíràn tí àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n kọ jáde síta, ohun tí àwọn kan sọ nínú ìpàdé ló kún inú rẹ̀, pé wọ́n ń kó ọmọ wọlé láti fi rúbọ. Wọ́n gbé àgbọ́sọ jáde bí ẹni gbé àbájáde ìwádìí.

Ẹni tó san gbèsè rẹ̀ ni Adam. Ẹ fi ojú ẹni tó mọ nǹkan wò ó: obìnrin kan tó rí ọmọ tó ń húkọ́ nínú ilé kan ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, tí kò tún rí i mọ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Bóyá kò ní ìwé ìgbélùú. Ó wá ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, òrìṣà bàbá rẹ̀, ni wọ́n ń fura sí. Ṣé ó máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ ní òun mọ ilé náà? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ìfura tó fẹ̀ jù máa ń pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sì wúlò fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ju ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń pariwo Ọ̀ṣun lọ.

Àwa náà kò mọ́ níbẹ̀. Nílé, bí ẹnì kan bá kígbe gbọ́mọgbọ́mọ lọ́jà, táyà àti bẹntiróòlù máa ń ṣáájú ìbéèrè. Obìnrin tí orí rẹ̀ kò pé, tó gbé àpò tí aṣọ ọmọdé wà nínú rẹ̀, ti rí ikú he báyìí láìmọye ìgbà. Bó bá wá jẹ́ pé ajínigbé gidi ni wọ́n sun, ẹni tó rán an níṣẹ́ ti bọ́, nítorí pé ẹnu tó lè dárúkọ rẹ̀ ti jóná.

Ẹnì kan bi mí kí n tó gorí àga pé kí wá ni kí ará ìlú ṣe. Ẹ kọ ohun tí ẹ fi ojú yín rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rù ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò lè bá yín gbé e lọ. Ẹ má fi fọ́tò ẹnikẹ́ni síta.

Ní 2006 ni wọ́n sin Adam sí itẹ́ òkú kan ní Southwark, láìsí orúkọ lórí ibojì. Ní 2021, nígbà tó pé ogún ọdún, àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tún bẹ àwọn tó bá mọ nǹkan kan pé kí wọ́n jáde. DNA rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn orúkọ tí wọ́n ti pè fún un ti ju ẹyọ kan lọ, DNA ìbátan kan ṣoṣo láti ìdí ìyá ló sì lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Títí di ìgbà tí ẹni náà bá fara hàn, Adam ni mo ń pè é. Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ nawọ́.